Àpótí Gìtá Bọ̀ọ̀dá Rufus

Gbììììììn!

Bí àpótí gìtá Bọ̀ọ̀dá Rufus, èyí tó ń gbé ohùn gìtá rẹ̀ sókè, ṣe kọ́kọ́ kùn nìyẹn. Ó wá ṣe "Pọ̀ọ̀!" bí ìgbà tí èèyàn fi ẹsẹ̀ fọ́ bàlúù. Èéfín tín-ín-rín kan yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó rọra gòkè lọ sí àjà bí ẹni ń lọ sọ́run, ó sì pòórá.

Kẹ́kẹ́ pa.

Bọ̀ọ̀dá Rufus ta okùn gìtá. Tín. Ohùn ẹ̀fọn ló jáde.

"Ó ti kú," ni mo wí.

"Monílọ́lá, pa ẹnu ẹ mọ́!"

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, Bọ̀ọ̀dá."

Fììì! Bàtà kan fò kọjá létí mi. Ẹ̀rín ń pa mí!

Bọ̀ọ̀dá Rufus ni àbúrò ìyá mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń gbé ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́, láti ìgbà tí èmi àti fọ́ọ̀mù tú ti jọ fẹnu kò pé kí kálukú máa lọ. Ọjọ́rú ni àpótí yìí kú. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni ìkórè ìjọ kan ní ìlú Oǹdó, ìjọ bàbá Fọláṣadé. Fọláṣadé yìí sì ni Bọ̀ọ̀dá Rufus fẹ́ fi ṣaya, tí kò lè sùn mọ́, tí kò lè jẹ èbà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ mọ́.

Bàbá Fọláṣadé ni wọ́n ń pè ní Tíṣà Adébùsóyè. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu jíjágbe mọ́ èèyàn. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Rufus lọ kí i lẹ́ẹ̀kẹta, ohun tó sọ fún un rèé:

"Ìwọ ọ̀dọ́kùnrin yìí, o ní gìtá lo ń ta. Wá ta á níbi ìkórè wa. Tí gìtá rẹ bá bá orin ìkórè lọ láti ẹsẹ kìíní títí dé Àmín láìdákẹ́, kí àwọn èèyàn rẹ wá tọrọ ọmọ. Tó bá dákẹ́ lójú ọ̀nà, kí ìwọ náà dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Fọláṣadé."

Ẹ wá wò ó. Láti Ọjọ́rú sí ọjọ́ Àìkú!

Ọdún tí mò ń wí yìí, epo ọkọ̀ ti wọ́n ju òróró ìyàsímímọ́ lọ. Ẹran ti di àlejò nínú ọbẹ̀ wa. Kò sẹ́ni tó ń sọ nǹkan nù mọ́, bó bá bàjẹ́, wọn a tún un ṣe, bó bá tún bàjẹ́, wọn a fi jókòó. Bọ̀ọ̀dá Rufus gbé àpótí lé orí, ó di ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní títì wa. Ọkùnrin náà wò ó, ó sọ iye kan. Bọ̀ọ̀dá Rufus ní kó jọ̀ọ́, kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Bọ̀ọ̀dá Rufus gbé àpótí padà sórí, kò kí i pé ó dàbọ̀.

"Èmi fúnra mi ni màá tún un ṣe," ló wí bá a ṣe délé.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó tún aago ògiri wa ṣe, tó wá ń sáré sẹ́yìn! Bí a bá jí láàárọ̀, àná ni aago yẹn á ní a wà.

Ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé àpótí lé e, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá Ràṣídì fi bọ̀ọ̀lì tó ń sun níwájú ilé sílẹ̀, ó wá wòran. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, inú ilé wa ló gba yàrá sí, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn tí kò ní wá dúró tì.

Ẹ ò rí nǹkan nínú àpótí! Aáyán mẹ́tàdínlógún tò jáde bí ọmọ iléèwé tí wọ́n lu agogo fún. Ẹyin ọmọńlé mẹ́ta. Ìdajì ìyàrun. Bírò mi tó sọnù ní fọ́ọ̀mù tú! Ká ní mo ti rí i nígbà yẹn, bóyá ǹ bá ti di lọ́yà.

"Ilé gbígbé ni Bọ̀ọ̀dá yín rà, kì í ṣe àpótí," ni Ìyá Ràṣídì wí.

Bọ̀ọ̀dá Rufus ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ iná wò. Imú ló ní. Ó dojú bolẹ̀, ó ń gbóòórùn àwọn nǹkan inú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ajá tó gbọ́ òórùn egungun. Fín-ìn. Fín-ìn. "Èyí ò jó." Fín-ìn. "Èyí ò jó." Fín-ìn... Ó sín. Aáyán kejìdínlógún jáde.

Ó yọ fíúsì. Ó ti jó dúdú. Ó fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé e, ó dá a padà. Ó yọ bátìrì nínú tọ́ọ̀ṣì, ó fi wáyà méjì kàn án mọ́ sípíkà.

Kráà!

"Sípíkà ṣì wà láàyè!" Bọ̀ọ̀dá Rufus fò sókè. "Ohùn rẹ̀ nìyẹn!"

"Ìyẹn ni yóò fi kọrin ìkórè?" Ìyá Ràṣídì bi í.

Bọ̀ọ̀dá Rufus ti tún ki orí bọ àpótí. Ó ti rí ẹni tó ṣẹ̀. Nǹkan kan wà nínú àpótí náà bí agolo kékeré, tó yẹ kí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti wú kúǹdù bí ìwo màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Kàpásítọ̀ ni wọ́n ń pè é. A ò mọ ibi tí a ti máa rí òmíràn. Bọ̀ọ̀dá Rufus wá rọra yíjú sí Ìyá Ràṣídì, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ yá nǹkan.

"Ìyá Ràṣídì wa. Rédíò yín tó ti kú yẹn..."

"Kò kú. Ó ń sinmi."

"Láti ìgbà wo ló ti ń sinmi?"

"Láti ìgbà tí mo lóyún Ràṣídì."

"Ìyá Ràṣídì! Ràṣídì ti ń fá irùngbọ̀n!"

Wọ́n fà á títí. Níkẹyìn, Ìyá Ràṣídì ní òun gbà, bí wọ́n bá ṣèlérí pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí Fọláṣadé máa bí máa jẹ́ Màríámù, orúkọ òun. Bọ̀ọ̀dá Rufus tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, ó gbà kíá.

Ó wá ku bí a ṣe máa lẹ kàpásítọ̀ rédíò náà mọ́bẹ̀. Irin tí wọ́n fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì tó ń lẹ wáyà mọ́ra, iná ló ń lò, iná ò sì sí láti ìjẹta. Bọ̀ọ̀dá Rufus mú ìṣó gbọ̀ọ̀rọ̀ kan, ó tì í bọ inú ẹ̀yinná Ìyá Ràṣídì, láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì. Bó bá ti pọ́n, a sáré gbé e wọlé, a fi yọ́ lẹ́ẹ̀dì kan sí wáyà, a tún sáré gbé e jáde. Oníbàárà kan bu bọ̀ọ̀lì jẹ, ó wo bọ̀ọ̀lì.

"Ìyá, bọ̀ọ̀lì tòní ń ta mí lẹ́nu bíi bátìrì."

"Fítámì ni," ni Ìyá Ràṣídì wí. "Rọra jẹ ẹ́."

Ẹ̀rín ń pa mí!

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Sátidé, àpótí ti padà di àpótí, àfi sùkúrù mẹ́rin tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wa tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti wá. Iná dé fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Rufus ti púlọ́ọ̀gì bọ ara ògiri. Àpótí ní "Hùùùùù." Ó ta gìtá. Àpótí ní "Hùùùùù," bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ dáhùn. Kí ó tó ta á lẹ́ẹ̀kejì, iná ti lọ.

Níbí yìí ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ní títì wa, bí iná bá dé, gbogbo ọmọdé a ké lẹ́ẹ̀kan náà: "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" Ẹni tó fẹ́ lọ aṣọ a sáré, ẹni tó fẹ́ fa omi a sáré. Èmi ní tèmi, ìgbà tí iná ò bá dé ni mo máa ń ké e. Nígbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Lánàá ọjọ́ náà gan-an, mo ké e, Ìyá Ràṣídì sáré láti ojú títì wá, ó ti áyọ̀ọ̀nù bọ ògiri, ó sì fi áyọ̀ọ̀nù tútù náà lọ odidi búbù kan kó tó mọ̀.

Ẹ padà sí ọ̀sán Sátidé. Iná ti lọ. Bọ̀ọ̀dá Rufus dojú àpótí bolẹ̀, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè.

"Bọ̀ọ̀dá, púlọ́ọ̀gì ṣì wà lára ògiri o."

"Ṣé iná wà ni?"

"Kò sí."

"Kí ni púlọ́ọ̀gì fẹ́ gbà wọlé nígbà náà? Atẹ́gùn?"

Ó ní bí wọ́n bá ti mú un lọ báyìí, ó di ọ̀la. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi sukudiráfà tọ inú àpótí. Mo gbójú sókè báyìí, mo rí gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tó kọjú sí tiwa. Ó tàn!

"Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà! Bọ̀ọ̀dá, ó ti dé!"

Kò gbórí sókè. "O ò lè rí mi mú lónìí."

"Ọlọ́run ń gbọ́, ó dé!"

"Má dá a lóhùn o, Rufus!" Ìyá Ràṣídì ké láti ìta. "Búbù mi ṣì rún dòní!"

Gílóòbù pupa kékeré tó wà níwájú àpótí ti tàn o, ṣùgbọ́n àpótí dojú rẹ̀ bolẹ̀, ẹní nìkan ló rí i. Bọ̀ọ̀dá Rufus rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó na ọwọ́ ọ̀tún.

"Monílọ́lá, lọ́jọ́ tí o bá sọ òtítọ́—"

GBÀÀÀÀ!

Bọ̀ọ̀dá Rufus gbéra nílẹ̀. Mo ní ó gbéra! Bàtà rẹ̀ kan lọ sí yàrá, èkejì lọ sí ilé ìdáná. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ìta ń pariwo, "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" Bọ̀ọ̀dá Rufus náà ń ké, "Yéèèè!" Àwọn ọmọ gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n rò pé inú rẹ̀ ló ń dùn, wọ́n tún ké e lóhùn gíga, òun náà tún dá wọn lóhùn. Ọkùnrin tó máa ń sọ Yorùbá bí ẹni ń ka ìròyìn, tí kì í jẹ́ ká gbọ́ Àkúrẹ́ lẹ́nu rẹ̀, "Ẹ gbé mi lọ ulé o! Ẹ gbé mi lọ ulé!" ló ń ké, inú ulé náà ló sì wà!

Ó fi ẹsẹ̀ ta àpótí. Àpótí yí bìrí, ó dìde dúró. Bọ̀ọ̀dá Rufus bọ́ láti òkè, ó sì fi ìdí balẹ̀ lórí rẹ̀. Gbì! Gìtá tó fara ti ògiri ṣubú.

GBRÀÀÀÀN!

Ilé mì. Adìẹ fò gun òrùlé. Mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ dé ìlú Ọ̀dà.

Ìyá Ràṣídì sáré wọlé.

"Ó ń ṣiṣẹ́," ni Bọ̀ọ̀dá Rufus wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Irun orí rẹ̀ dúró ṣánṣán. "Ó ń ṣiṣẹ́!"

Ó fò dìde láti jó. Àpótí dákẹ́.

Ó jókòó. Hùùù, gbràn. Ó dìde. Kẹ́kẹ́.

Bí a ṣe mọ àìsàn rẹ̀ nìyẹn. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí lẹ́ẹ̀dì ò ti mú. Bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ lórí, wáyà a fẹnu ko wáyà, bí ẹrù bá kúrò, wọn a kọ ara wọn. A wá ibi tó ti já títí, a ò rí i. A wá ní ká kúkú gbé ẹrù lé e. A gbé búlọ́ọ̀kù lé e, ó húkọ́. A gbé ọlọ lé e, ó kùn bí ẹni tó ní inú rírun. A gbé odó lé e, kò tilẹ̀ dáhùn. Ìyá Ràṣídì jókòó lé e, ó bú ramúramù!

"Kò gba òkúta, kò gba igi," ni mo wí. "Ìdí èèyàn ló ń fẹ́."

Bọ̀ọ̀dá Rufus ò lè jókòó lé e fúnra rẹ̀. Tíṣà Adébùsóyè ló ń darí akọrin, akọrin tó bá sì jókòó nígbà orin, ìta ló máa parí ẹsẹ tó kù. Ni àwọn méjèèjì bá ń wo ìdí mi.

Bí mo ṣe bá Bọ̀ọ̀dá Rufus dé Oǹdó nìyẹn o. Mo jókòó lé àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ akọrin, mo fi ìró ìyá mi bò ó, mo ká ẹsẹ̀ bí ìyàwó ọba. Ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Iṣu tò lọ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n so òbúkọ kan mọ́ ojú fèrèsé, iná sì wà! Ìyẹn ni iṣẹ́ ìyanu àkọ́kọ́.

"Ẹ jẹ́ kí a dìde kọ orin ìkórè."

Gbìrìrìrì! Gbogbo ìjọ dìde. Òbúkọ pàápàá dìde.

Èmi jókòó.

Ẹsẹ kìíní, gìtá ń lọ bí oyin. Fọláṣadé ń rẹ́rìn-ín láàárín akọrin. Ẹsẹ kejì bẹ̀rẹ̀, ni Tíṣà Adébùsóyè bá tajú kán rí mi. Ó sọ ọ̀pá ìdarí akọrin sílẹ̀, ó mú ọ̀pá tó fi ń rìn, ó ń bọ̀. Kò, kò, kò. Àyà mi ń ṣe bákan náà. Ọkùnrin gìrìwò ni, ó tó mi lọ́nà mẹ́ta, ó ń fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú.

"Ọmọbìnrin yìí, orin Ọlọ́run ni wọ́n ń kọ tí o jókòó sí?"

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, sà."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Méjèèjì, sà."

"Dìde!" Ó di etí mi mú.

Mo gbé ìdí sókè díẹ̀. Gìtá ní "gbìn... gb... kẹ̀ẹ̀..." Mo sáré dá ìdí padà. GBÀÀN! Bọ̀ọ̀dá Rufus ti la ojú sílẹ̀ bí ẹni tí iná tún gbé. Fọláṣadé ti gbé ọwọ́ lé àyà. Tíṣà tún fa etí mi sókè. Etí ń lọ, èmi ò lọ.

Ni irọ́ bá já wọ inú mi. Mo fẹ́ràn irọ́ yẹn títí dòní.

"Sà! Àga yín ni mò ń bá yín ṣọ́!"

"Àga mi?"

"Bọ̀ọ̀dá Rufus ló gbé e wá fún yín láti Àkúrẹ́, nítorí ìbàdí yín. Wọ́n ní ẹni tó ti dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, kò yẹ kó tún máa dúró."

Ó fi etí mi sílẹ̀. Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ojú rẹ̀ ní kò yẹ, ìbàdí rẹ̀ ní ó yẹ. Ìbàdí borí.

Mo fi ìdí wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ìdí wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ìdá kan tèmi lọ, ìdá kan tirẹ̀ bọ̀, bẹ́ẹ̀ títí mo fi bọ́ sílẹ̀. Gìtá ò mọ̀ pé a ti pààrọ̀ ẹ̀ṣọ́.

Àbí kí n ní ó mọ̀! Ìdí Tíṣà fi ìlọ́po mẹ́ta wúwo ju tèmi lọ. GBRÀÀÀÀÀN! Gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n. Iṣu méjì yí wálẹ̀. Òbúkọ ń gbe orin. Ojú Tíṣà kọ́kọ́ là rekete. Fìlà rẹ̀ ń jó lórí. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, kàkàkàkà. Mo ní ó ti tán, á fò dìde. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í rá pálá bọ̀ lábẹ́ irunmú rẹ̀. Ẹsẹ kẹta. Ẹsẹ kẹrin. Ẹsẹ karùn-ún. Ẹsẹ kẹfà.

"Àààà-míííín!"

Tíṣà fò dìde. Àpótí dákẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Gbogbo ìjọ yíjú sí Bọ̀ọ̀dá Rufus.

"Rufus."

"S-sà."

"Gìtá rẹ ò dákẹ́ títí dé Àmín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó sì dákẹ́ gẹ́rẹ́ lẹ́yìn Àmín. Àwọn onígìtá tó ti ń wá síbí, wọn kì í mọ ibi tí Àmín wà. Kí àwọn èèyàn rẹ wá."

Fọláṣadé bú sẹ́kún ayọ̀. Bọ̀ọ̀dá Rufus dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó dìde, ó sáré lọ gbé àpótí rẹ̀.

Tíṣà na ọwọ́ dínà.

"Kí lo fẹ́ gbé?"

"Àpótí mi, sà."

"Àpótí wo? Àga mi?"

Bọ̀ọ̀dá Rufus rọra yí orí, ó wò mí. Èmi ń ka pákó àjà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ọdún mẹ́rin ni ìbàdí yìí fi dà mí láàmú," ni Tíṣà wí. "Mo fi òróró pa á, mo fi omi gbígbóná jó o, òfo. Mo jókòó lórí èyí fún ẹsẹ mẹ́rin péré. Ó gbóná, ó ń gbọ̀n, ó sì ń kọrin. Ọ̀pá mi dà?"

Ọ̀pá wà nílẹ̀, ó jìnnà sí i. Ọkùnrin náà ti dúró tipẹ́, kò di nǹkan kan mú!

"Ẹ gbé àga mi lọ sílé."

Ẹ̀rín ń pa mí! Ẹ̀rín ń pa mí o!

Wọ́n ti ṣègbéyàwó. Àpótí ò padà sí Àkúrẹ́ mọ́. Ní gbogbo Sátidé, Bọ̀ọ̀dá Rufus a wọkọ̀ lọ sí Oǹdó, òun àti gìtá lásán, a ti wáyà bọ ìdí àga àna rẹ̀, a ta gìtá títí ìbàdí Tíṣà á fi yọ́.

Mo bá a lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Iná ò sí. Tíṣà jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ àdúgbò pé ariwo wọn ti pọ̀ jù. Bọ̀ọ̀dá Rufus ti ń tòògbé, gìtá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wò mí. Ẹnu wá ń yún mi.

Mo dúró sẹ́nu géètì kí ọ̀nà àbáyọ lè yá. Mo fa èémí.

"ỌỌ́Ọ́PÙ NẸ́PÀ!"

Ẹ ò rí eré! Tíṣà Adébùsóyè ta kúrò ní ẹ̀yìnkùlé, ó fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, ó fo odó, ó fo ọmọ kan, ó já wọ pálọ̀, ìdí rẹ̀ sì balẹ̀ lórí àga. Gbì!

"Rufus! Ta á! Ta á! Rufus, kí ló dé tí kò gbọ̀n?"

Kí ó tó mọ̀ pé iná ò dé, mo ti jókòó sínú ọkọ̀ Àkúrẹ́.